Iyọ̀ Ajírérin

Ẹ̀yin èèyàn mi, òótọ́ ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí erin. Èèyàn lè fi í pamọ́ sẹ́yìn igi kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á máa yọ lápá ọ̀tún, ìdí rẹ̀ á máa yọ lápá òsì. Òótọ́ tí bàbá afinimọ̀nà kan gbé pamọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni mo fẹ́ fà jáde fún yín báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ fà á jáde, lójú gbogbo èèyàn, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá gba ọlá. Ajírérin ni wọ́n ń pè é nínú ọgbà ẹranko ìjọba tó ti ṣiṣẹ́ di arúgbó. Ìdí rẹ̀ kò le: àlejò yòówù tó bá bá a jáde láàárọ̀, dandan ni kó rí erin. Àwọn afinimọ̀nà yòókù á rìn títí, ìmàdò ni wọ́n á rí, ìyẹn á gbé ìrù sókè bí òpó rédíò, á sá lọ. Ajírérin ní tirẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́, á na ìka, erin á sì dé bí ẹni pé ó fi fóònù pè é.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọlá náà tutù nini. Wọ́n to àga ilé ìjẹun sábẹ́ pẹpẹ ìwòran tuntun, pẹpẹ onígi gíga tó dojú kọ adágún tí àwọn ẹranko ti ń mu omi. Wọ́n kan pátákó mọ́ ọn lára, wọ́n fi aṣọ bò ó, bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló mọ̀ pé orúkọ Ajírérin ló wà lábẹ́ aṣọ, torí ẹni tó kọ ọ́ ti gbé e kọjá níwájú ilé ìdáná kí ọ̀dà rẹ̀ tó gbẹ. Ọ̀gá ọgbà wà níbẹ̀, táì há a lọ́rùn bí okùn ewúrẹ́. Àwọn awakọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ inú igbó wà níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà wọn tó ń dún gọ̀-gọ̀-gọ̀, àwọn ọ̀dọ́ afinimọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ sì tò síwájú, ojú ìlà tí áyọ́ọ̀nù fà sára aṣọ wọn ṣì mú bí abẹ. Ìyàwó Ajírérin gbá báàgì tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ mọ́ àyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni bàbá alásè kan tí òun fúnra rẹ̀ pè wá jókòó sí, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún nà gbọnrangandan síwájú, torí ẹsẹ̀ náà kò ṣeé ká mọ́.

Ọ̀gá ọgbà sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó mu omi, ó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní kí Ajírérin wá fa aṣọ kúrò lójú pátákó. Bàbá dìde, ó gun àkàbà, ó di etí aṣọ mú. Àwọn èèyàn ti gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Ibi tó ti fẹ́ fà á ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ alásè, ó sì fi aṣọ sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ẹ má jẹ́ ká ṣí pátákó yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣí ara mi."

Ìyàwó rẹ̀ fò dìde. "Bàbá àwọn ọmọ! Ẹ má bọ́ ṣòkòtò o!"

Ẹ̀rín bú gbàmù. Ajírérin kò rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe ṣòkòtò, ìyá àwọn ọmọ. Ìwà ni mo fẹ́ bọ́. Ó ti há mi lára jù. Ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ọkàn mi ti wúwo ju ikùn erinmi lọ. Ẹ̀yin ọmọ yìí ń pè mí ní Ajírérin. Ẹ ò mọ orúkọ tí mo kọ́kọ́ jẹ́ níbí. Ẹni tó bá rántí, kó sọ ọ́ síta."

Àgbà awakọ̀ kan ké láti ẹ̀yìn: "Wọ́n-Wà-Níbí-Lánàá!"

"Ó ṣeun! Orúkọ mi nìyẹn. Bí mo bá kó àlejò jáde, a ó rìn láti ìdájí títí oòrùn á fi dúró lé wa lórí, a ò ní rí nǹkan kan. Wọ́n á ní, 'Ọ̀gbẹ́ni, erin dà?' Màá na ìka sí ìgbẹ́ erin tó ti gbẹ, màá ní, 'Wọ́n wà níbí lánàá.' 'Kìnnìún ńkọ́?' 'Wọ́n wà níbí lánàá.' Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbàlagbà kan wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, 'Ọmọ mi, kí ló wá dé tí o ò mú wa wá lánàá?' Ọ̀gá ọgbà ìgbà yẹn, kì í ṣe èyí tó jókòó síbí yìí o, ní bó bá tún ṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n lọ máa ṣí géètì. Ojú tì mí. Inú ìtìjú yẹn ni mo wà tí mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má bá mi wá àwáwí. Ìtìjú kò pa ẹnikẹ́ni rí. Èmi ni mi ò lè gbà kí wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín."

Ó nu ojú, ó wo alásè. "Kí n tó sọ ti ibi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oore. Nígbà tí mo dé ọgbà yìí bí àjèjì, mi ò ní ibi tí màá sùn. Ẹ̀gbọ́n mi alásè tí ẹ ń wò yìí ló gbà mí. Yàrá kan ló ní, tó fara kan ilé ìdáná. Ó to àpò ìrẹsì sí àárín, ó là á sí méjì, ó ní, 'Àbúrò, apá ibi tí fèrèsé wà ni kí o sùn, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí ọ. Ooru ti mọ́ èmi lára.' Fèrèsé kan ṣoṣo tí gbogbo ilé náà ní, èmi ló gbé e fún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn sọ́kàn. Ó ń bọ̀ wá mú mi.

"Ẹ mọ̀ pé erin fẹ́ràn iyọ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fi eyín gbẹ́ ilẹ̀ létí odò, iyọ̀ inú ilẹ̀ ni wọ́n ń wá. Mo mọ ìyẹn. Mo sì mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé àpò iyọ̀ sí, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ìmọ̀ méjì yẹn bá pàdé nínú orí ẹni tí kò níwà, kí ẹ sá! Mo bu iyọ̀ sínú àpò aṣọ mi, mo lọ fọ́n ọn sétí adágún, mo bo erùpẹ̀ lé e. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kó àlejò wá. A kò tíì jókòó tán tí igbó fi ń ya wàràwàrà. Ìyá Àgbà ló ṣíwájú, abo erin tó jẹ́ olórí agbo, tí eyín rẹ̀ ọ̀tún ti kán, tí etí rẹ̀ òsì ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì nà. Gbogbo ìdílé rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àlejò ń pariwo, kámẹ́rà ń ṣe kẹ́ṣẹ́-kẹ́ṣẹ́. Wọ́n ní, 'Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀?' Mo fín imú sókè báyìí, mo ní, 'Mo gbọ́ òórùn wọn nínú atẹ́gùn.' Òórùn wo? Èmi tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́, ọmọbìnrin kan tí fìlà rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, nawọ́ sókè. "Bàbá, ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ wa ńkọ́, pé ká máa fi imú gbọ́ òórùn erin láti ọ̀nà jíjìn?"

"Irọ́ ni, ọmọ mi."

"Yéè! Mo ti ń fín imú láti oṣù tó kọjá, kòkòrò ti wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!"

"Fojú ríran, ọmọ mi. Ojú ni Ọlọ́run fún ọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ imú rẹ." Ajírérin dúró kí ẹ̀rín lọ sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ojoojúmọ́ ni mò ń jí iyọ̀ bù. Àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń béèrè Ajírérin. Òfin ọgbà wà lára ògiri pé ẹni tó bá fún ẹranko lóúnjẹ, ẹ̀wọ̀n ni. Èmi ni mo ń ka òfin yẹn sétí àlejò láràárọ̀, iyọ̀ á sì wà lápò mi bí mo ṣe ń kà á. Ìgbà tó yá, ìyàwó mi bímọ nílùú wa, mo lọ gbélé tì í. Kò sẹ́ni tó fọ́n iyọ̀. Ìyá Àgbà dé etí adágún, ó gbẹ́ ilẹ̀, kò rí nǹkan. Ó wá fi imú tọ ipasẹ̀ mi, ẹ wò ó, imú tirẹ̀ kì í purọ́, títí ó fi dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé, ó ń rẹ́ àlùbọ́sà. Erin fi orí ti ògiri. Ògiri wó lulẹ̀ gbìì, ó wó lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá Àgbà gbé àpò iyọ̀, ó sì yíjú padà lọ bí ìyá tó ra ọjà tán.

"Wọ́n pe ìpàdé. Wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi wá lórí àga, dókítà ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, 'Ta ló kọ́ erin ní ọ̀nà ilé ìdáná?' Wọ́n wá bi mí, torí pé èmi ni Ajírérin, èmi ni mo mọ ìwà erin. Mo dìde. Mo tún ẹ̀wù mi ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu yìí sọ. Mo ní, 'Ọ̀gá, ó ń ká mi lára láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti kìlọ̀ fún ẹ̀gbọ́n títí pé kí wọ́n yé ṣí fèrèsé ẹ̀yìn ìdáná sílẹ̀. Ibẹ̀ ni òórùn ti ń jáde.'"

Ajírérin gbé ọwọ́ lé orí. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ògiri yẹn kò ní fèrèsé! Fèrèsé kan ṣoṣo tí ilé náà ní, orí ibùsùn mi ló wà. Ògiri ti wó, ta ló máa lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Mo la fèrèsé sára ògiri tó ti di àlàpà. Ẹni tó fún mi ní fèrèsé tirẹ̀, fèrèsé ni mo fi lé e níṣẹ́. Mo ń retí kó pariwo pé irọ́ ni. Ó kàn wò mí, kò sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n lé e. Wọ́n rán ẹ̀ṣọ́ kó lọ yìnbọn pa Ìyá Àgbà. Ẹ̀ṣọ́ dé, ó ní ó ti parí. Èmi, wọ́n fi mí ṣe olórí afinimọ̀nà. Ẹ má rò pé mo jáwọ́. Mo ń ra iyọ̀ fúnra mi láti ìgbà yẹn, agbo erin mìíràn ni mo fi ń pè, olè di oníbàárà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilé oúnjẹ kékeré kan nílùú, mi ò gba òpópónà náà kọjá rí. Bí mo bá ń wá búrẹ́dì, màá yí ìlú po bí ẹni tó sọ nǹkan nù.

"Ọdún yìí ni ẹ̀jẹ̀ mi ru, mo ṣubú lulẹ̀. Dókítà wò mí síwá, ó wò mí sẹ́yìn, ó ní, 'Bàbá, iyọ̀ ló fẹ́ pa yín.' Mo pariwo: 'Ta ló sọ fún yín?'"

Ẹ̀rín tún bú jáde. Ọ̀gá ọgbà pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó ní kí n má fi iyọ̀ kan ẹnu mọ́. Ọbẹ̀ ilé ìwòsàn wá dà bí omi tí wọ́n fi fọ àwo, mi ò lè gbé e mì. Lọ́jọ́ kan ìyàwó mi gbé abọ́ kan dé. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ó dùn dọ́ba. Mo lá abọ́ náà bí ológbò. Ojoojúmọ́ ló ń dé, òun ló gbé mi dìde. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé, mo ní, 'Ìyá àwọn ọmọ, níbo lo ti kọ́ ọbẹ̀ yìí?' Ó ní, 'Èmi kẹ̀? Ọ̀rẹ́ yín alásè ló ń sè é. Wọ́n ní kí n má sọ, pé ẹ lè má jẹ ẹ́.' Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ yẹn kò níyọ̀, òun ló sì ta sí mi lójú egbò ju iyọ̀ lọ. Ẹ gbé mi dìde nínú ikú. Mo dúpẹ́. Mo dá yín lẹ́bi ohun tí mo ṣe, mo fi ẹnu pa erin tó fún mi ní orúkọ. Ẹ dárí jì mí."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó lọ dojú bolẹ̀ níwájú alásè. "Ẹ rọra dọ̀bálẹ̀ o!" ìyàwó rẹ̀ ń ké, "ẹ̀jẹ̀ ríru o!" bẹ́ẹ̀ omijé ti bo òun náà lójú.

Kí alásè tó lanu, ẹ̀ṣọ́ arúgbó kan dìde ní ẹ̀yìn, ó wú ikọ́. "Ẹ forí jì mí. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹnu ti ń tú, èmi ni wọ́n rán lọ pa Ìyá Àgbà. Mi ò pa á o. Mo bá a létí odò, ó ṣì gbé àpò tó ti ṣófo dání, ọmọ rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e. Mo wo ojú rẹ̀, ó jọ ìyá ìyàwó mi. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mo yìnbọn sójú ọ̀run, wọ́n sá la odò kọjá, mo wá sọ fún ọ̀gá pé omi gbé òkú rẹ̀ lọ."

Ajírérin gbórí sókè láti ilẹ̀. "Kò kú?"

"Kò kú. Òdì kejì odò ló kó ìdílé rẹ̀ lọ."

Awakọ̀ kan nawọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. "Ọ̀gá, èmi náà, taya mọ́tò yẹn..."

"Jókòó!" ni ọ̀gá ọgbà ké. "Ti erin là ń sọ!"

Alásè fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Àbúrò," ló wí, "ṣé o tọ́ iyọ̀ tí ò ń jí wò rí?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ta ló ń tọ́ iyọ̀ olè wò?"

"Ṣúgà ni."

"Kí lẹ wí?"

"Mo rí i pé iyọ̀ mi ń dín. Mo rò pé alágbàfọ̀ ni." Bàbá alágbàfọ̀ ọgbà fò sókè lórí àga rẹ̀, ó ní "Èmi?", wọ́n fà á jókòó. "Mo gbé iyọ̀ gidi sábẹ́ ibùsùn mi, mo po ṣúgà mọ́ ìwọ̀nba tó kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ọbẹ̀ olè lè dà bí tíì. Kò pẹ́ sí i ni erin wó ògiri. Ó fi àlùbọ́sà sílẹ̀, ó fi ìrẹsì sílẹ̀, àpò yẹn nìkan ló gbé. Mo ní, mo gbé, èmi ni mo fi ṣúgà pe erin wálé! Ẹ̀wọ̀n dé! Ìdí tí mi ò fi lanu nínú ìpàdé nìyẹn. Ìgbà tí o wá dìde tí o ní mo ṣí fèrèsé sílẹ̀, mo ní, há, àbúrò mi ti mọ̀. Ó mọ̀ pé ṣúgà ni, ó fi irọ́ fèrèsé bò mí láṣìírí, kó lè jẹ́ pé wọ́n á kàn lé mi níṣẹ́, mi ò ní ṣẹ̀wọ̀n. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ nínú ọkàn mi. Mo rò pé ojú ló ń tì ọ́ tí o ò fi gba òpópónà mi, pé o ò fẹ́ kí n máa dúpẹ́. Ọpẹ́ yẹn ni mo fi se ọbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ajírérin tó ti rò pé òun ti dé ìsàlẹ̀ ìtìjú rí i pé ilẹ̀ ṣì ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀. Alásè mi orí. "Kí ló dé tí o ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Inú mi ń dùn. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó purọ́ nítorí mi. Lónìí ni mo gbọ́ pé nítorí ara rẹ ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ajírérin dáhùn láti ilẹ̀, "ọpẹ́ tí kì í ṣe tèmi ni mò ń jẹ. Ìgbà tí mi ò mọ̀ pé mò ń jẹ ẹ́ gan-an ni ó ti há mi lọ́nà ọ̀fun."

Alásè yíjú sí adágún. Ẹyẹ lékeléke ń padà sórí igi wọn lókè adágún, funfun wọn ń di àwọ̀ ọsàn. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò lè dá ọ lóhùn níhìn-ín. Mo ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yìí, mi ò rí inú rẹ̀ rí. Bí àlejò bá jáde láàárọ̀, èmi ń din ẹyin. Bí wọ́n bá tún jáde, èmi ń fọ ìkòkò. Ẹranko kan ṣoṣo tí mo rí ni orí erin tó gba ara ògiri wọlé wá kí mi. Lọ́la, mú mi jáde. Ṣùgbọ́n kò sí iyọ̀ o."

"Bí a ò bá wá rí nǹkan kan ńkọ́?"

"Wàá sọ fún mi pé wọ́n wà níbí lánàá."

Ọ̀gá ọgbà tú táì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ìjìyà Ajírérin ń bọ̀, kí wọ́n ṣì yọ pátákó náà ná. Kò sí ẹni tó yára yọ ọ́ bí Ajírérin.

Ojúmọ́ ò tíì là dáadáa tí mọ́tò fi gbéra. Awakọ̀ wà nídìí ìdarí, alásè jókòó níwájú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, Ajírérin wà lẹ́yìn bí ẹrù. Ìrì bo koríko gíga tí àwọ̀ rẹ̀ jọ irun kìnnìún, òkìtì ọ̀gán pupa dúró káàkiri bí àgbà tó ń dúró de ìpàdé. Àwọn àgùnfọn yọ orí lókè igi, wọ́n ń jẹ ewé, wọ́n ń wò wọ́n. "Ẹ wo àwọn yìí," alásè wí, "bí aládùúgbò tó ń yọjú wo ohun tí wọ́n ń sè lágbàlá ẹlòmíì." Ó rí ẹgbin, ìbátan ẹtu, tó ń fò bí àgbàdo nínú epo gbígbóná. Ó rí efọ̀n tí lékeléke gùn lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí odò ti fẹ̀, ó na ọ̀pá, ó ní, "Ta ló gbàgbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi?" ìkòkò náà sì ṣí ẹnu, ó yán, erinmi ni. Alásè pariwo bí ọmọ kékeré. Níwájú lọ́hùn-ún, òkè tò lé ara wọn, èyí dúdú, èyí àwọ̀ aró, èyí tó jìnnà jù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ojú ọ̀run.

Ajírérin ń wo gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì ń bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n gbé òkè yẹn síbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń fi ọgbà yìí han èèyàn, ibi tó fọ́n iyọ̀ sí nìkan lojú rẹ̀ ń wò. Ọpẹ́ kan sọ nínú ọkàn rẹ̀, ọpẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Wọ́n dé etí adágún, níbi tó ti pàdé odò, wọ́n pa mọ́tò. Wọ́n jókòó. Oòrùn gòkè. Ìmàdò kan gbé ìrù kọjá. Ọ̀nì kan ń sùn. Alásè ṣí agolo oúnjẹ, wọ́n jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí kò níyọ̀. Oòrùn tún gòkè sí i, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí Ajírérin lára, ọwọ́ rẹ̀ ń wọ àpò aṣọ fúnra rẹ̀, àpò náà ṣófo. Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n..."

"Sọ ọ́."

"Wọ́n wà níbí lánàá."

Alásè rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbá pátákó iwájú mọ́tò, omijé ń dà lójú rẹ̀, Ajírérin náà sì bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé yàrá alápò ìrẹsì. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà nígbà tí awakọ̀ fi ìka lé ètè: "Ẹ dákẹ́ ná!"

Lódì kejì odò, igbó ń ya wàràwàrà. Orí kan yọ. Eyín ọ̀tún kán. Etí òsì ya bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ti darúgbó, awọ ìdí rẹ̀ ti rọ bí ṣòkòtò bàbá àgbà, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ bọ inú omi, ìdílé rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e, àgbà, ọ̀dọ́, àti ọmọ kékeré kan tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò. Wọ́n là á kọjá. Ìyá Àgbà dé ibi tí wọ́n ti máa ń fọ́n iyọ̀ fún un láyé àtijọ́, ó fi imú kan ilẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì kọ ojú sí mọ́tò. Ajírérin na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde, ó là wọ́n pẹrẹsẹ. "Mi ò mú nǹkan kan wá, Ìyá Àgbà," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ ṣeun tí ẹ ò kú."

Erin náà wò wọ́n. Kò yíjú padà. Ó fa omi símú, ó tú u sára ọmọ kékeré náà, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, wọ́n ń mumi bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀.

Alásè na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó wá ọwọ́ Ajírérin kàn, ó dì í mú. "Kò sí iyọ̀ nílẹ̀, ó wá," ló wí. "Èmi náà wá, àbúrò. Ó tán."

Ìjìyà tí ọ̀gá ọgbà dá fún Ajírérin ni pé kó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ láìgba ọlá kankan, títí wọ́n á fi mọ bí a ṣe ń dúró. Ó ń ṣe é tayọ̀tayọ̀. Ohun tó ń sọ fún wọn láràárọ̀ ni pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìtànjẹ pe ẹranko, ẹ má sì fi í pe èèyàn. Ohun tí ẹ bá fi iyọ̀ pè, iyọ̀ ló wá bá, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè sọ ọ́, kó tó di pé ẹni tí ẹ ṣẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Wọ́n ti kun pátákó náà lọ́tun, wọ́n sì ti kàn án padà sára pẹpẹ ìwòran. Alásè ló yan orúkọ: Fèrèsé Alásè. Ó ní irọ́ ti la fèrèsé yẹn fún òun, kí òótọ́ wá bá òun ṣí i. Ẹ lọ wò ó. Bí ẹ bá gòkè, tí ẹ jókòó títí, tí ẹ ò rí erin, ẹ má bínú. Bàbá arúgbó kan á wá bá yín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á là pẹrẹsẹ, á na ìka sí ìgbẹ́ tó ti gbẹ, á sì sọ fún yín láìtijú pé wọ́n wà níbí lánàá.